Oríkì Jẹjẹrẹ, A-pàwọ̀dà-má-pàwàdà

Kábíyèsí, Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ, A-pàwọ̀dà-má-pàwàdà, arìnrìn-àjò tí kì í gba físà, àlejò tí í lé onílé! Ní 2019 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú ńlá nítorí rẹ ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, nínú Muṣin níbí, tòun ti ẹ̀rọ ìtànṣán. Ọba mélòó ni wọ́n kọ́ irú rẹ̀ fún? Síbẹ̀ àwọn kan ò kì ọ́ délẹ̀. Wọ́n ní bíbí sí i ni gbogbo agbára rẹ. Ṣebí kókó ọ̀rá pàápàá ń tóbi, kì í kúrò lójú kan, kì í sì í sábà pààyàn. Ohun tó fi ọ́ jọba ni pé o mọ ara í pa dà. Nínú ọmú, protein kan, E-cadherin, ló ń so àwọn sẹ́ẹ̀lì mọ́ra. Bí ìrìn-àjò bá wù ọ́, wàá dín in kù, wàá na ara gbọọrọ, wàá máa wọ́ lọ títí dénú ẹ̀jẹ̀. Bí o bá dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun, o sábà máa ń padà sí ìrísí àtijọ́, kí o lè fìdí kalẹ̀ bímọ.

Àwọn alátakò á ní àbùkù inú àbùdá ló dá ọ sílẹ̀, kí ni a wá ń gbé ìparadà gẹ̀gẹ̀ sí? Lóòótọ́, àbùkù ni ìyá rẹ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà tí o bá yí padà ni àbùkù tuntun ń wọlé: ọkọ̀ tí wọ́n tún kùn lọ́dà ní ọjà Ládípọ̀ ni ọ́, ẹ́ńjìnnì ìjọsí ló ṣì ń fọhùn. Onímọ̀ nípa jẹjẹrẹ, Douglas Hanahan, tó ti ń ka àmì oyè rẹ láti 2000, fi ìparadà kún wọn ní 2022. Ẹ wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ní àbùkù nínú àbùdá EGFR: oògùn tó dojú kọ àbùkù yẹn á mú un súnkì; lára àwọn aláìsàn kan, á di oríṣi onísẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́, àbùkù EGFR ṣì wà níbẹ̀, oògùn náà ò sì ràn án mọ́.

Ní 2015, ìwádìí méjì lára èkúté jáde nínú ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì Nature, pé bí wọ́n tilẹ̀ dí ọ̀nà ìparadà, jẹjẹrẹ ṣì ń tàn ká. Inú àwọn ọ̀tá rẹ dùn. Wọn ò kà á dópin: àwọn ìwádìí yẹn náà ló sọ pé sẹ́ẹ̀lì tó bá ti paradà ni oògùn kẹ́mò kì í lè pa bọ̀rọ̀. Àmì díẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì ni àwọn olùwádìí náà sì ń ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ a máa paradà lábọ̀, kí o dúró sáàárín méjì. Mo gbà pé ẹjọ́ ti ìrìn-àjò kò tíì parí. Ti oògùn ló dá mi lójú. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè tún gé díẹ̀ lára rẹ lọ sí láábù bí oògùn bá kọ̀, kó lè mọ ẹni tí o jẹ́ lónìí. Owó àyẹ̀wò kejì yẹn, àpò aláìsàn ló sábà máa ń ti jáde; ìwọ ṣáà máa jẹun lọ, Kábíyèsí.