Ẹjọ́ Ẹnìkan Lẹ́nu Ọmọ Mẹ́fà

Àríyànjiyàn ilé-ìwé, tí àwọn ọmọ ń pè ní dìbéètì, jẹ́ ìdíje ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín ikọ̀ méjì lórí àkòrí kan. Ikọ̀ kan gbà á, èkejì takò ó, àwọn onídàájọ́ á sì gbọ́ tọ̀tún-tòsì kí wọ́n tó gbé ife-ẹ̀yẹ fún ẹnikẹ́ni. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. "Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà" ni àwọn àgbà wí. Bí ìyàwó bá fẹjọ́ ọkọ sùn lówùúrọ̀ nílé baálé, wọn a ní kó rọra jókòó ná títí ọkọ náà yóò fi dé. Dìbéètì ni òwe yìí nígbà tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Kìkì pé ẹnu ni òwe náà kà, kò ka ọwọ́ tó kọ̀wé. Àwọn àgbà tó pa á kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ mẹ́fà yóò dìde níwájú èrò, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, tí gbogbo wọn yóò sì máa ro ẹjọ́ ẹnìkan.

Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro. Ní àwọn ilé-ìwé Ọ̀jọ́ àti Ìbà, títí dé Òkòkómáíkò, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ á rìn síwájú, á tẹrí ba díẹ̀, á kí ìgbìmọ̀ onídàájọ́, á kí olùṣọ́ àkókò tí kì í ṣègbè, á kí àwọn olùdíje ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti gbogbo èrò ìjókòó, kó tó wá sọ ìhà tí òun wà. Bó bá parí, á ní òun lérò pé pẹ̀lú ìwọ̀nba kókó wọ̀nyí, òun ti yí wọn lọ́kàn padà, òun kò dà wọ́n lọ́kàn rú. Ìkíni àti ìdágbére yìí ti di ogún: bàbá sọ ọ́, ọmọ ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà, iṣẹ́ náà kì í sì í sábà jẹ́ ti ọmọ. Bó bá jẹ́ ìdíje láàárín kíláàsì sí kíláàsì, tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń kọ ti ìhà méjèèjì, òun náà ló sì máa ń jókòó sáàárín àwọn onídàájọ́. Ó kọ ẹjọ́, ó kọ àwíjàre, ó tún wá dá a. Bó bá jẹ́ ìdíje pẹ̀lú ilé-ìwé mìíràn, ó kéré tán, tíṣà méjì ló ń jà. Àwọn ọmọ kàn ń bá wọn gbé ohùn ni.

Ìwé tí ọmọ ń gbé lọ síbẹ̀ tó í wò. Ojú ewé méjì ni, tí wọ́n ya nínú ìwé àjákọ, tí wọ́n ká sí mẹ́rin títí ojú ìká fi jẹ ìlà kan tán. Bírò búlúù ni ọ̀rọ̀. Bírò pupa ni ìtọ́ni fún ara: "gbọ́wọ́ sókè" níbí, "rẹ́rìn-ín díẹ̀" lọ́hùn-ún, "wo adájọ́" nísàlẹ̀. Ọmọ á máa kùn ún nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ilé dé gbọ̀ngàn. Nígbà tó bá wá dé orí pèpéle tí ọ̀rọ̀ sì fò lọ, ọwọ́ á gòkè níbi tí bírò pupa ní kó ti gòkè, gbólóhùn tí ọwọ́ náà ń tẹ̀ lé kò ní í yọjú. Á la ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àti olùṣọ́ àkókò tí kì í ṣègbè, nítorí ohun tí a há sórí bí ewì, àfi kéèyàn kà á láti òkè. Èrò á pàtẹ́wọ́ láti ràn án lọ́wọ́. Olùṣọ́ àkókò, tí wọ́n kí lẹ́ẹ̀mejì, á lu agogo.

Ìbéèrè nìkan ló lè tú àṣírí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn ilé-ìwé girama, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní 1988, ọmọ mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ikọ̀ kan, ìṣẹ́jú 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 4 fún èsì ìkẹyìn. Yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nínú ìṣẹ́jú 8 yẹn, alátakò lè dìde kó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn àkòrí kan sì wà tí wákàtí kan péré ni ikọ̀ ní láti fi múra sí. Níbi tí ìdíje bá ti jẹ́ ti ìwé àhásórí, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò, kí ọmọ ó má baà dààmú. Bẹ́ẹ̀ nílé baálé, ìgbà tí wọ́n bá bi olùpẹ̀jọ́ léèrè ni irọ́ máa ń wó.

Ti máàkì náà tún wà. Ìdíje àgbáyé yẹn fi 40 fún kókó ọ̀rọ̀, 40 fún ìṣọwọ́sọ̀rọ̀, 20 fún ètò. Nílé níbí, ìṣọwọ́sọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé méjì tó kù mì, ohun tí wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀ kò ju kéèyàn máa sọ̀rọ̀ nímú lọ. Ọmọ tó bá pe omi ní "wọ́rà" ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ìpele tó kàn, ìbáà jẹ́ pé ohun tó sọ nípa omi náà kò lórí, kò nídìí. Lọ́sẹ̀ kejì, àwòrán rẹ̀ àti ife yóò wà lórí pátákó ìpolówó lójú títì, lókè nọ́ńbà fóònù fún ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun. Tíṣà tó kọ̀wé náà kò sí nínú àwòrán.

Bí àkòrí bá tilẹ̀ wúlò ni, à bá ní kò burú. Ọkùnrin wúlò ju obìnrin lọ. Dókítà sàn ju olùkọ́. Ìjọba ológun sàn ju ti alágbádá: àwọn òbí ọmọ ti bára wọn jà lórí èyí nígbà tí àwọn náà wà ní girama, ìwé ìdáhùn sì ti gbó sínú dúróà. Lẹ́yìn fèrèsé gbọ̀ngàn kan náà, òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì wà níbẹ̀. Ní 2010 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà rélùwéè oníkìlómítà 27 láti Òkòkómáíkò dé Marina. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, ṣùgbọ́n kìlómítà 13 péré ni, láti Marina sí Máìlì Tú. Ìlú tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú lórí ètò ló wá kẹ́yìn lójú irin. Ṣé ó yẹ kí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ láti Òkòkómáíkò níbi tí èrò ń gbé, àbí láti Marina níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́? Ìhà méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ kò ju pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ìyànà-Ìbà lè mọ̀ ọ́n ju tíṣà lọ.

Ọ̀jọ́ kò ṣàì mọ àríyànjiyàn gidi. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà níbẹ̀. Ní 2011, ìjọba gbé owó ilé-ìwé náà láti ₦25,000 fò kọjá ₦190,000 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ti ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tilẹ̀ ju ₦300,000 lọ. Ìjọba ní ẹ̀kọ́ tó dára kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ takò ó kò nílò ju ìṣirò lọ: owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ ₦18,000, nítorí náà owó ọdún kan ti ju owó oṣù mẹ́wàá òbí bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí, wọn kò sì dákẹ́ títí di 2014, tí ìjọba dá a padà sí ₦25,000. Kò sí bírò pupa nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu wọn gbóná, ìbéèrè sì ń bọ̀ láti ibi gbogbo.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti dé, tíṣà náà ti sinmi. Ilé-ìwé kan á béèrè kókó mẹ́ta fún àkòrí, èyí tó wà lódìkejì títì á béèrè mẹ́ta lòdì sí i, àpólà ọ̀rọ̀ kan náà á sì jáde lẹ́nu ikọ̀ méjèèjì. Onídàájọ́ á máa mi orí, á ní òun ti gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Ẹjọ́ ẹnìkan ṣì ni, ẹni náà kò sì tún wá jẹ́ èèyàn mọ́.

Síbẹ̀, tíṣà kan lè pinnu pé òun kò ní í kọ̀wé fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó nílò kò ju owó ẹyọ kan àti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lọ. Á ju owó sókè; ìhà tó bá dojú kọ òkè ni ọmọ yóò gbà, ìṣẹ́jú 10 ni yóò fi rò ó, kò sì ní í mú ìwé dání. Bó bá sọ tirẹ̀ tán, wọn á ní kó bọ́ sí ìhà kejì, kó ta ko ara rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbólóhùn méjì ló máa ń jáde, lẹ́yìn náà ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú tíṣà, tíṣà á sì máa wo fèrèsé. Lọ́sẹ̀ kẹta ó lè di gbólóhùn mẹ́jọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí pálapàla, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, kò sì rántí kí olùṣọ́ àkókò.