Àmúyá Orí Fóònù ní Sango-Ọ̀tà

Àmúyá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀mú, jẹ́ ọ̀nà kan tí olówó fi ń gba gbèsè nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Bí ajigbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó a lúgọ sójú ọ̀nà, a gbá ẹnikẹ́ni tó bá ti ìlú ajigbèsè bọ̀ mú, tòun ti ẹrù orí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú lè má mọ ajigbèsè rí. Pé ìlú kan náà ni wọ́n ti wá ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Àṣà yìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú ní ọ̀rúndún 19, kí ìjọba àmúnisìn tó fòfin dè é.

Àwọn ayánilówó orí fóònù ti jí i dìde, wọ́n sì ti tún un ṣe. Olówó ìsinsìnyí kì í lúgọ mọ́, ìjókòó ló wà. Bí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Ọ̀tà bá fẹ́ yá 10,000 náírà kí owó oṣù tó wọlé, áàpù a ní kó tẹ bọ́tìnì kan. Bọ́tìnì yẹn ló ń kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ fún olówó: súpáfáísọ̀, lánlọ́ọ̀dù, pásítọ̀, ọlọ́kadà abẹ́ bíríìjì Sango, ìyá oníẹ̀wà ẹnu géètì, àti àfẹ́sọ́nà àná tí wọn ò kí ara wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó fojú kan owó náà nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti di onídùúró.

Ọ̀nà kejì tí gbèsè ẹlòmíràn fi ń dé bá ènìyàn ni ti síìmù. Nọ́ńbà tí wọn ò lò fún oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ fóònù lè tì í pa, kí wọ́n sì tà á fẹ́lòmíràn tó bá yá. Ẹni tó rà á lè tipa bẹ́ẹ̀ jogún gbèsè ẹni tí kò bá a tan. Ó lè jẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, síbẹ̀ “Ọ̀gbẹ́ni” ni wọ́n á máa pè é láti ìdájí.

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ agbagbèsè náà ní. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn dídùn kan á béèrè bóyá ẹni tó gbé fóònù mọ ajigbèsè. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dáhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni.” Lẹ́yìn náà, ohùn á yí padà: ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń fi í pamọ́. Ìkẹta ni àwòrán ẹni tó gbé fóònù lórí WhatsApp, tí wọ́n kọ “olè” sí lábẹ́. Yorùbá ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Òfin ti áàpù ni pé ẹni tó bá gbé fóònù ni yóò pọ̀n ọ́n, yóò sì tún wẹ̀ ẹ́.

Ìjọba ò dákẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé iléeṣẹ́ ayánilówó Soko Lending nítorí títú àṣírí oníbàárà. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Opebi, Ìkẹjà. Ní 2023, Google ní kí áàpù ayánilówó má wo nọ́ńbà inú fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Ìlànà FCCPC ti 2025 gbé ìtanràn dé mílíọ̀nù 100 náírà. Àwọn olówó kan ka gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n pààrọ̀ orúkọ áàpù, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe àmúyá kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀: ẹni tó bá san díẹ̀ ni wọ́n á mọ̀ pé ó ṣeé fún. Kó ní kí wọ́n fi ìwé tí òun fọwọ́ sí han òun. Kó tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n fi pè é àti orúkọ áàpù, kó kó wọn fún FCCPC àti NDPC, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni. Kó tètè sọ fún súpáfáísọ̀, kí àwòrán má baà ṣáájú rẹ̀ dé géètì. Bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá halẹ̀, Òfin Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kì í mú ènìyàn nítorí àríyànjiyàn owó lásán, a kì í sì í mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn.

Ajigbèsè gan-an ni wọn kì í rí pè. Ó ti sọ síìmù rẹ̀ nù; bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á rà á ní Joju, ní Sango.