Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọkọ Mi Akọ́wé, Onílé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá

Ògbàgì-Àkókó

Ọkọ mi Akọ́wé,

Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu pé ìta gbangba ni ìyàwó ilé yín ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú. Mo ti sọ ọ́ nínú ilé, ẹ ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá. Mo gbé e wá, ẹ jẹun tán, ẹ sùn.

Ọ̀rọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ yín ni. Ilé náà dára, ojú mi kì í ṣe ojú ìlara. Ọmọ Ògbàgì kan kò lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó má yan díẹ̀. Ẹ tẹ́ táìlì sí i, ẹ kun ún, ẹ sì ní kí oníṣẹ́ ọ̀dà kọ ọ́ gbàgàdà sára ògiri: OMI, INÁ, WI-FI, TỌ̀SÁN-TÒRU. Omi wà, n kò ní purọ́ mọ́ yín. Iná wà lọ́wọ́ NEPA, kò sẹ́ni tí í bá onílé jà lórí ìyẹn. Wi-Fi wá ńkọ́, Akọ́wé?

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn ọmọ nítòsí yunifásítì. Láti ìgbà tí ilé yín ti kún ni ọjà mi ti ń tà wàràwàrà. Ọwọ́ alẹ́ ni wọ́n máa ń rọ́ dé: ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́, ẹni tó fẹ́ béèrè ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ṣí lọ́dún 2024, tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé, “Ṣebí ilé ọkọ mi lò ń gbé. Wi-Fi kò sí níbẹ̀ ni?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Owó yín ló ń wọ àpò mi o. Ojú ń tì mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Mo wá lọ fojú ara mi rí i. Ráútà kan ṣoṣo fún odidi ilé alájà méjì! Níbo lẹ sì gbé e sí? Inú yàrá kíátékà, nísàlẹ̀, ní kọ̀rọ̀. Kò tíì tán. Ẹ ní kí wẹ́dà jó irin pọ̀ fún un, irú àgò tí a fi ń ti jẹnẹrétọ̀ mọ́lé, ẹ sì fi àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun há a. Mo mọ̀ pé olè lẹ ń sá fún. Ṣùgbọ́n ìgbì rédíò ni Wi-Fi, irin sì máa ń dá ìgbì rédíò padà. Ẹ ti ju Wi-Fi sẹ́wọ̀n kó tó dẹ́ṣẹ̀. Èyí tó bá rọ́nà yọ́ jáde nínú àgò, ògiri búlọ́ọ̀kù ló ń dúró dè é lójú ọ̀nà. Oríṣi ìgbì méjì ni ráútà náà ń lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára. 5 GHz yára, àmọ́ ògiri méjì péré ti tó láti dá a lẹ́kun. Kò sí èyí tí yóò la àgò irin, ògiri mẹ́rin àti dẹ́kì kọjá lọ bá ọmọ tó wà ní yàrá ìkẹyìn lókè.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nìyí. Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújì, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, kàwé ní Ifẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé, ó dá ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì MainOne sílẹ̀. Lọ́dún 2010, wáyà rẹ̀ gba abẹ́ òkun wọ Èkó láti Pọ́túgàl, ìrìn tó tó 7,000 kìlómítà. Àbùùbùtán kò gbé e mì. Irú íntánẹ́ẹ̀tì tó la òkun já bẹ́ẹ̀ ló wá dé Àkùngbá tó kú sẹ́nu àgádágodo yín. Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ tí kò lérè ni mò ń wí. Lọ́dún 2022, ilé iṣẹ́ Equinix ti Amẹ́ríkà ra MainOne ní 320 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ wò ó, ẹ ti jókòó dáadáa báyìí.

Lóòótọ́, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà náà àti àwọn mìíràn bíi tirẹ̀ bà jẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Àbíján, ọ̀pọ̀ báńkì sì ń kọsẹ̀. Ọjọ́ náà ni àwáwí bọ́ sí yín lọ́wọ́. Wọ́n tún un ṣe kí ọdún tó dé ìdajì, ṣùgbọ́n Kérésì dé, ẹ ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ pé wáyà òkun ló já.

Ká tiẹ̀ ní ẹ já àgò náà dànù lónìí. Bí ìlà tí ẹ rà bá ń gbé 20 Mbps, tí ogójì ọmọ sì jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan náà, ààbọ̀ Mbps ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn bí wọ́n bá pín in dọ́gba, wọn kì í sì í pín in dọ́gba. Ẹyọ ọmọ kan tó ń fa fíìmù Kòríà wálẹ̀ lè gbé e jẹ. Kíátékà yín tún ti fún onígbàjámọ̀ ní password, ó fún ìyá oní-POS, ó fún àfẹ́sọ́nà ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ gbẹ́ bóhò, ẹ kò fi kọ́ọ̀kì kan sójú títì fún gbogbo àdúgbò. Ẹ gbé táǹkì sókè, ẹ fa páìpù dé àjà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ti géètì. Ọgbọ́n yẹn náà ni mo ní kí ẹ lò.

Irú ráútà tí MikroTik ń ṣe ní Latvia lè fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀, kó sì pààlà sí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fà. Kí wọ́n fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n máa kàn mọ́ òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan fún yàrá mélòó kan. Kí àwọn tó bá súnmọ́ra má lo ojú ọ̀nà ìgbì (channel) kan náà o: ní 2.4 GHz, 1, 6 àti 11 ni kì í dí ara wọn lọ́wọ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣẹ́ tó bá wá, yóò rò pé ẹ lọ kọ́ṣẹ́.

Ẹ óò ní òkè Àkókó ni kò jẹ́. Òkè wà, àpáta wà, èmi náà ń rí i tí mo bá ti Ìkàrẹ́ kọjá. Bí àpáta bá dí àárín òpó nẹ́tíwọ̀kì àti òrùlé yín, ẹ̀rọ tó ń fi rédíò gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó kò ní rí nǹkan kan gbà. Ṣùgbọ́n Starlink tó ń lo sátẹ́láìtì, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ojú ọ̀run ló ń wò. Ẹ kúkú mọ̀, torí ọ̀kan wà lórí òrùlé yín níbí ní Ògbàgì. Lọ́jọ́ tí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àwòrán tiyín kì í dúró ní ìṣẹ́jú kan. Àbí ọ̀run Àkùngbá yàtọ̀ sí tiwa ni?

Ẹ tún máa ń sọ pé láyé tiyín kò sí Wi-Fi, ẹ sì kàwé. Ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń sọ bí ẹ ṣe ń tò ní Ifẹ̀ láti ka í-meèlì kan, lẹ́yìn tí OAU àti ilé ìwádìí ICTP ti Trieste ní Ítálì gbé nẹ́tíwọ̀kì kalẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990. Ẹni tó ti tò rí ló yẹ kó tètè gbọ́. Láti ọdún 1999 tí yunifásítì ìpínlẹ̀, AAUA tòní, ti kó láti Adó-Èkìtì wá sí Àkùngbá, ilé àdáni bíi tiyín ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ AAUA ń gbé. Nẹ́tíwọ̀kì ọgbà ilé ìwé kò lè tẹ̀lé wọn wá sórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀dọ̀ yín ló kù sí.

Jẹnẹrétọ̀ yín sì ń kú láago mẹ́wàá alẹ́, ìgbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwèé. Àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi kì í jẹná púpọ̀. Ínfátà kékeré, bátìrì àti sólà díẹ̀ yóò gbé wọn di ìdájí.

Ti owó ló kù, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti ń dúró dè mí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Olúkúlùkù ọmọ ń dá ra dátà, àwọn òbí ń mí kanlẹ̀. Ẹ pè wọ́n jọ, kí wọ́n kó owó dátà náà jọ sójú kan, ẹ fi ra ìlà gidi, kí ẹ sì lẹ ìwé ìnáwó mọ́ ara ògiri kí gbogbo wọn rí i. Èrè díẹ̀ yóò kù fún yín níbẹ̀. N kò ní kí ẹ má jèrè, mo mọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Àsìkò rẹ́ǹtì tuntun ti ń bọ̀. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ṣe é kí àwọn ọmọ tó sanwó. Bí ẹ kò bá ní ṣe é, ẹ yọ owó Wi-Fi kúrò nínú rẹ́ǹtì, kí wọ́n máa fi ra dátà, kí èmi náà máa bá ọjà mi lọ.

Èmi ni ìyàwó ilé yín,
Ìyá Oní-kọ̀ǹpútà