Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé ní Malu Road

Ara pátákó ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù PhD páàtì-táìmù ní UNILAG, Akọkà, ẹ wá ẹni tó ń kọ pátákó nítòsí Boundary ní Ajégúnlẹ̀, kó fi "Dr." síwájú orúkọ yín. Kó kọ ọ́ gàdàgbà, kí awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ láti Àpápá lè kà á látorí ìjókòó rẹ̀. Irọ́ kọ́ o. Ẹ kàn tètè sọ òótọ́ ọ̀la ni. Lábẹ́ orúkọ yín, kó kọ ọ́ pé ẹ ń rán ọmọ lọ kàwé ní UK, Kánádà, Amẹ́ríkà àti Jámánì. Nínú ọ́fíìsì, tó jẹ́ yàrá kan péré, ẹ gbé fọ́tò Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa kọ́ ògiri. Ọmọ Èkó tó gba PhD nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní New York University ní 1955 ni. Oníbàárà tó bá rí i á rò pé mọ̀lẹ́bí yín ni. Ẹ má sọ fún un pé bàbá náà padà wálé, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fọ́dún mẹ́fà. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ta fọ́ọ̀mù.

Ó wá kan àkọlé ìwádìí. Ẹ mú èyí tó gbòòrò bí òkun: "Ẹ̀kọ́ Òkè Òkun àti Ìdàgbàsókè Áfíríkà láti Ayé Amúnisìn Títí Dòní." Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó yín bá ní kí ẹ dín in kù, ẹ fi "Apá Kìíní" kún un. Àmọ́ ẹ sá fún ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Lọ́dọọdún ni àwọn òbí láti Tolu àti Ojo Road ń jókòó níwájú yín, tí wọ́n ń ròyìn bí wọ́n ṣe ta ilẹ̀, tí wọ́n ta mọ́tò, tí wọ́n kó àjọ, torí kí ọmọ kan ṣoṣo lè lọ. Iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, ilé ìwé tí ọmọ fẹ́, iye tí wọ́n san, èsì físà, ìgbà tí wọ́n kọ̀ ọ́ àti ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́: gbogbo rẹ̀ ni ẹ fọwọ́ ara yín kọ sínú ìwé ńlá kan lórí tábìlì. Olùwádìí gidi lè fi ọdún mẹ́ta wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó má rí i. Ẹ gbé ife tíì lé e.

Ní ti àkókò, ẹ mọ òfin àkókò ju ẹni tó ṣe é lọ. Ẹ mọ̀ pé owó gbọ́dọ̀ sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra kí UK tó gbà á. Ẹ mọ̀ pé èsì IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣeé lò ju ọdún méjì lọ. Ẹ sì mọ̀ pé láti 1 January 2024, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ ka Masters ní UK kò lè mú ìyàwó àti ọmọ dání mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ṣe PhD ṣì lè mú wọn. Nítorí náà, bí ọkùnrin tí kò ka ìwé kan tán láti ọjọ́ tó ti jáde yunifásítì bá wọlé tó ní òun fẹ́ ṣe PhD, ẹ jókòó tì í. Ẹ ṣàlàyé fún un pé PhD ń fẹ́ sùúrù, pé èèyàn gbọ́dọ̀ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, kó máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kó wọ̀ ọ́ létí. Ẹ gba owó fọ́ọ̀mù. Kí ẹ wá lọ sùn. Bó bá bi yín pé ọjọ́ wo ni séńmínà tiyín, ẹ ní kó padà wá lọ́la.

(Ẹ ó pàdé ọmọ àdúgbò kan tó máa ní agbábọ́ọ̀lù Odion Ighalo ti Ajégúnlẹ̀ níbí wọ Manchester United ní 2020, kò sì sẹ́ni tó bi í ní IELTS. Ẹ má bá a jiyàn. Kò ní ra nǹkan kan.)

Àwáwí ò wọ́n ní Malu Road, àmọ́ àwáwí náà máa ń bàjẹ́ bí ẹja tó pẹ́ nígbá. Láyé ọjọ́sí, tírélà lè tò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú ọ̀nà Àpápá, ẹni tó bá ní òun ò ríbi gbà dé Akọkà, wọ́n á bá a dárò. Nígbà tó di February 2021, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté gbé "Ètò" dé, pé kí tírélà máa dúró de ìpè látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Tírélà ò tán, àánú Ọ̀jọ̀gbọ́n ló tán. Láti 1 June 2022, ìjọba Èkó tún fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá. Àwáwí ìyẹn gbéṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì lọba. Láti 14 February 2022 títí di 14 October ọdún náà ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi ti yunifásítì pa. Oṣù mẹ́jọ! Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ẹ ò ráyè kọ̀wé, wọ́n fún yín láyè láìgba kọ́bọ̀. Òmùgọ̀ kékeré á kọ ojú ìwé mẹ́ta níbẹ̀. Àgbà òmùgọ̀ á lọ síbi ìpàtẹ ilé ìwé òkè òkun ní Victoria Island, á lẹ "Dr." mọ́ àyà, á bá àwọn òyìnbó ya fọ́tò, á sì padà wálé láàárín òru, á ní ìjọba ò jẹ́ kóun kàwé. Àwọn kan wà ṣá o, òṣìṣẹ́ bíi tiyín, tí wọ́n ń jí láago mẹ́rin ìdájí, tí wọ́n ń kọ tiwọn lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gboyè. Wọn kì í ní pátákó. Ẹ jìnnà sí wọn.

Bọ́dún bá ń gun orí ọdún, ọ̀nà Kùtọnu ní ilẹ̀ Benin á máa wù yín. Ní December 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan, Umar Audu, gbé e jáde bí òun ṣe gba dìgírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, tó sì tún fi ṣe àgùnbánirọ̀ (NYSC). Ẹlòmíì kà á, ojú tì í. Ẹ̀yin, ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò: bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá tó fún dìgírì ọdún mẹ́rin, ti PhD á tó mélòó? Kí ẹ tó ṣírò tán, ìjọba àpapọ̀ ti dáwọ́ ìtẹ́wọ́gbà dìgírì Benin àti Togo dúró ní 2 January 2024. Ìwádìí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ló kọjá lọ yẹn o. Ẹ juwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kan, ìméèlì á wọlé. Ọmọbìnrin Tolu kan tí ẹ bá ṣe fọ́ọ̀mù nígbà kan ló kọ ọ́. Ó ti parí Masters, ó ti bọ́ sí PhD, iṣẹ́ àwọn ajẹ́ńtì bíi tiyín ló ń wádìí. "Ẹ kú iṣẹ́ sà, Ọ̀mọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìwé ńlá yẹn ṣì wà?" Ẹ gbé ife tíì kúrò lórí rẹ̀. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ gba owó dátà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá parí, ẹ ní kó fi iṣẹ́ náà hàn yín. Ẹ ti rí orí kejì, ẹ ti rí orí kẹrin. Ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò o. Bí ẹ̀rọ Turnitin bá wá sọ pé iṣẹ́ yín àti tirẹ̀ jọra jù, ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ pé kò lè ṣe kó má jọ: ọwọ́ yín ló ti ra fọ́ọ̀mù.