Wèrè Ẹ̀míì Fi Kámẹ́rà Kọ́rùn

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí rò pé bí ọgbọ́n bá ti di wèrè, ó parí síbẹ̀. Wọn kò rò ó dé ibi tí wèrè náà yóò ti wẹ̀, tí yóò pààrọ̀ aṣọ, tí yóò tún padà wọjà bí ọgbọ́n, tí wọn yóò sì dá owó gọbọi lé e lórí. Àwọn oníkámẹ́rà ló fi èyí hàn wá.

Ní 1975, ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan ní iléeṣẹ́ Kodak, Steven Sasson, ṣe kámẹ́rà díjítà, tí kò lo fíìmù. Ó wúwo tó kílò mẹ́ta àbọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló sì fi ń kọ àwòrán dúdú-òun-funfun kan ṣoṣo sórí kásẹ́ẹ̀tì. Kò dùn mọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú. Fíìmù kúkú ni wọ́n ń tà. Ta ni í fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi pa iná tó ń fi dáná? Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2012, Kodak ti jẹ gbèsè dọ́rùn, ó sá di ilé-ẹjọ́. Ọdún yẹn náà ló kéde pé òun kò ṣe fíìmù Ektachrome mọ́. Aráyé ní ọgbọ́n ló dá. Ní 2018, ó tún ń ṣe é. Aráyé ní ọgbọ́n ló tún dá. Ní 2024, Pentax gbé kámẹ́rà onífíìmù tuntun jáde, èyí tí a ń fọwọ́ wa fíìmù rẹ̀ síwájú.

Ibẹ̀ ni ìjà fíìmù àti díjítà ti wá gbóná. Àwọn ọmọlẹ́yìn fíìmù, tí púpọ̀ nínú wọn kò tíì dáyé nígbà tí bàbá wọn ju kámẹ́rà ilé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ń búra pé fíìmù kì í parọ́, díjítà ni òpùrọ́. Ta ló sọ fún wọn? Kí wọ́n béèrè ní Ìlá Ọ̀ràngún. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí lórí àwọn ayàwòrán wa níbẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tó kù, a tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé a wá jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó wà láàyè, wọn a yà á. Wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún un yà. Fọ́tò náà a wá dípò ère ìbejì. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ o. Fíìmù, kẹ́míkà àti yàrá òkùnkùn ni. Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó lọ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ìyá ìbejì.

Àwọn onídíjítà náà kò jẹ́ ká rẹ́rìn-ín àwọn ẹlòmíràn tán. Wọ́n ra fóònù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè ka irun imú àlejò, wọ́n wá ń wá áàpù tí yóò da eruku sí i, tí yóò jẹ́ kí igun kan pọ́n bíi fíìmù tó jóná. Láyé ọjọ́un, bí fíìmù òde ìgbéyàwó bá jóná, ọ̀nà ẹ̀yìn ni ayàwòrán ń gbà sá fún ọkọ ìyàwó. Áàpù kan, Huji Cam, tilẹ̀ ń tẹ ọdún 1998 sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2004 wá ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò tó fi ọdún mẹ́fà ṣáájú ìkómọjáde rẹ̀. Àkúdàáyà gan-an kò dán irú bẹ́ẹ̀ wò.

Ọmọlẹ́yìn fíìmù ní tirẹ̀ ya fọ́tò 36 inú fíìmù rẹ̀ tán, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n síkáànì rẹ̀, wọ́n fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kò tẹ ẹyọ kan sórí bébà. Ó gbé e sórí Instagram, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé fíìmù ojúlówó ni, òun kì í fọwọ́ kan díjítà. Kò padà wá gba nẹ́gẹ́tífù rẹ̀. Ẹni tó fọ̀ ọ́ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn: ó ti gba owó fífọ̀, ó ti gba owó síkáànì, ó sì ti lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé nẹ́gẹ́tífù tó bá lò ju oṣù mẹ́ta lọ, kí olówó rẹ̀ má bi òun.