Ikán Inú Àpótí Ìwé
Ìyá àgbà wa ní Ṣakí bi mí ohun tí mò ń kà mọ́jú. Mo ní ICAN ni. Wọ́n ké háà: ikán! Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé agolo kẹrosíìnì dé, wọ́n ní kí n wọ́n ọn sí ìdí àpótí ìwé mi kíákíá. N kò jiyàn. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ aṣírò-owó tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1965 ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ bí ìdánwò oṣù Karùn-ún tàbí ti oṣù Kọkànlá bá ti ń bọ̀, owó ìwé, owó ọkọ̀ Ìbàdàn, nǹkan kan ṣáà máa ń jẹ àpò mi láti abẹ́ wá. Níbi tí mo ti ń wáṣẹ́ kiri, alájàpá kajú kan bi mí bóyá mo mọ ìṣirò. Mo ṣàlàyé bí dúkìá ṣe ń gbó lórí ìwé títí ètè mi fi gbẹ. Ó mi orí, ó ní: "Ó dáa. Ṣé o lè gbé àpò?" Ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀. Kẹrosíìnì ṣì kún agolo. Ẹni tí ikán tirẹ̀ bá jẹ́ ti inú ilẹ̀, kó wá bù ú.