Ẹrú Gbogbo Ayé, Ọ̀gá Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ ń fi fóònù kọ́ èdè Ítálì, ẹ kú iṣẹ́ o. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ jápa, ìyẹn ò sì burú. Èyí tó burú ni pé físà ò tíì jáde, ẹ ti ń kí wa bí ará Róòmù.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀kan nínú yín kọjá lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja ní Ìwòpin, ní Ògùn Waterside. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní: “Ciao, Màmá!” Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ṣàó? Ṣàó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlọrin, tí wọ́n ti máa ń gbé ìyàwó lọ́pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ìwọ tí o jẹ mí lówó ẹja àrọ̀, kí lo fẹ́ fi gbéyàwó?”

Ẹ gbọ́ ná. Àwọn ará Venice ní Ítálì ni wọ́n máa ń sọ fún ara wọn pé “ẹrú yín ni mo jẹ́”. Nígbà tó yá, ẹnu gé e kúrú, ó di “ciao”. Ẹ wá wo ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní Òkè-Àgbò ní kó dọ̀bálẹ̀, tó ní ṣòkòtò òun á dọ̀tí. Òun náà ló ń sọ fún ọlọ́kadà, fún aláta, fún ajá onílé pé ẹrú wọn lòun!

Àwọn ará Ítálì gan-an kì í sọ ọ́ fún àgbà tí wọn ò mọ̀. “Buongiorno” ni wọ́n fi ń kí irú wọn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ó di “buonasera”. Bí a ṣe ní “o” àti “ẹ” làwọn náà ní “tu” àti “Lei”. Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tó bá kí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ pé “Ciao” ti ṣàfojúdi lédè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó má retí A.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni “ciao” mú ṣá. Àwọn ará Etiópíà lu Ítálì bolẹ̀ ní Adwa lọ́dún 1896. Ítálì padà wá gba ìlú wọn lọ́dún 1936, wọ́n sì tún lé e jáde lọ́dún 1941. Ọmọ ogun kó ẹrù lọ, “ciao” jókòó pa: òun ni wọ́n ṣì fi ń dágbére l'Addis Ababa. Àwọn aṣíkiri Ítálì gbé e dé Argentina, ó di “chau”. Ní Brazil, “tchau” ni, ìgbà tí wọ́n bá ń lọ nìkan. Àmọ́ “àṣẹ” tiwa ni wọ́n fi ń súre fún ara wọn níbẹ̀, “axé” ni wọ́n kọ ọ́.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ní “ẹ kú àárọ̀” ti wọ gbèsè ọ̀rọ̀: ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àjọ tí o kó lóṣù tó kọjá ńkọ́? “Ciao” ò dúró gbọ́ ìbéèrè kankan, ó ti sá lọ.

Bí ẹ bá dé Milan, ẹ máa kí wọn bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe ilé, ẹ fi “ẹ kú ilé” bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi owó yúrò parí rẹ̀. A kì í ná “ciao” lọ́jà Ìjẹ̀bú.